Òfin Eré Orí Yìnyín: Ta Ló Mú Kó Yí Padà?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nípa eré yíyọ̀ lórí yìnyín ni pé, kí ló dé tí òfin wọn kì í dúró sójú kan? Àjọ ISU, tó ń darí eré náà lágbàáyé, máa ń ṣe ìpàdé ńlá ní ọdún méjì-méjì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dìbò lórí òfin. Ẹni tó bá fẹ́ há gbogbo rẹ̀ sórí yóò kàn dá ara rẹ̀ lágara ni. Tèmi ni pé, bí òfin kan bá ti yí padà, mo máa ń lọ wo ìdíje tó ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ti mọ òfin àtijọ́ ju àwọn tó kọ ọ́ lọ.

Tẹ́lẹ̀, 6.0 ni máàkì tó ga jù. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Salt Lake City lọ́dún 2002, Elena Berezhnaya àti Anton Sikharulidze ti Rọ́ṣíà gba wúrà mọ́ Jamie Salé àti David Pelletier ti Kánádà lọ́wọ́. Ni adájọ́ ọmọ Faransé kan bá sọ pé wọ́n fúngun mọ́ òun láti gbè sẹ́yìn àwọn ará Rọ́ṣíà (ó padà yí ohùn), ariwo sì ta. Wọ́n fún àwọn ará Kánádà náà ní wúrà, ìlànà tuntun sì dé ní 2004: fífò kọ̀ọ̀kan àti yíyí kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀ lákọọ́lẹ̀, àwọn adájọ́ á wá fi kún un tàbí kí wọ́n yọ níbẹ̀.

Ibi tí iye bá sì ti wà, ìṣirò ò ní ṣàì dé. Òfin tuntun náà ní kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún iye fífò tí eléré bá fò lẹ́yìn tí eré ti kọjá ìdajì. Ó bọ́gbọ́n mu, ẹsẹ̀ ti ń wúwo nígbà yẹn. Ni Alina Zagitova, ọmọ ọdún 15 láti Rọ́ṣíà, bá kó gbogbo fífò rẹ̀ sí ìdajì kejì. Á kọ́kọ́ máa ju apá, á máa yọ̀ káàkiri, á yí bí òkòtó, kò ní fò rárá. Bí ìdajì bá ti kọjá báyìí, á wá máa fò ní àfòtúnfò. Ní Òlíńpíìkì ti Pyeongchang lọ́dún 2018, ó gba 239.57, Evgenia Medvedeva, ọmọ Rọ́ṣíà bíi tirẹ̀, gba 238.26. Eré méjì, kúkúrú àti gígùn, ni wọ́n máa ń ṣírò pọ̀; nínú eré gígùn, 156.65 ni àwọn méjèèjì gbà, régí! Ẹ wo ohun tí ìdá mẹ́wàá lè ṣe nínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní ó rẹ́ wa jẹ. Èmi ò gbà. Òfin ló na owó sílẹ̀, òun sì mú un. Lọ́dún yẹn náà ni ISU dín àfikún ọ̀hún kù sí fífò tó kẹ́yìn nínú eré kúkúrú àti mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú eré gígùn.

Ti ọjọ́ orí kò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ ọdún 15 ni Kamila Valieva, eléré ọmọ Rọ́ṣíà, nígbà tí ọ̀rọ̀ oògùn tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀ bá a ní Òlíńpíìkì ti Beijing ní 2022. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ní Phuket, ìbò 100 sí 16 gbé ọjọ́ orí tó kéré jù fún ìdíje àgbà láti 15 lọ sí 17, díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó pẹ́ jù nílẹ̀ ni ti òkìtì. Terry Kubicka ti Amẹ́ríkà ta á sẹ́yìn ní Òlíńpíìkì ti Innsbruck lọ́dún 1976, wọ́n sì fòfin dè é láìpẹ́. Ní 1998, ní Nagano, Surya Bonaly, ọmọ Faransé aláwọ̀ dúdú, mọ̀ pé òfin ò gbà á. Ara rẹ̀ ò dá, àmì ẹ̀yẹ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta á síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi balẹ̀. Wọ́n yọ máàkì rẹ̀, àwọn èrò ń hó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọmọ Faransé mìíràn, Adam Siao Him Fa, ta á níbi ìdíje Yúróòpù, wọ́n yọ máàkì tirẹ̀ náà, ó sì gba wúrà bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, òfin ti gbà á láyè, àmọ́ wọn ò kọ iye kankan sí i.