1888: Bí Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ebenezer Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Èkó

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, mo kí yín.

Bí a bá ń sọ ìtàn àwa Onítẹ̀bọmi nílẹ̀ Yorùbá, Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, la fi ń bẹ̀rẹ̀: ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ó kọ́ ilé ìsìn sí Ìjàyè ní 1854, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, káfíńtà kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: James Churchwill Vaughan, adúláwọ̀ tó ti South Carolina ní Amẹ́ríkà wá, tó bá àwọn míṣọ́nnárì ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè. Ogun fọ́ Ìjàyè ní 1862. Vaughan bọ́ sí Abẹ́òkúta, Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde nílùú, tún lé e kúrò níbẹ̀. Èkó ló wá jókòó sí, tó ń ta irinṣẹ́ ìkọ́lé, tó sì rí ṣe.

Ní 1875, míṣọ́nnárì W. J. David dé láti Amẹ́ríkà. Ní 1880, wọ́n gbé ọwọ́ lé Moses Ladejo Stone, ọmọ Yorùbá, lórí fún iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn. Iṣẹ́ ńlá ni Stone ń ṣe ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi Àkọ́kọ́ l'Ékòó, àmọ́ owó oṣù rẹ̀ kéré. Ó ní kí wọ́n fi kún un. David kọ̀, ọ̀rọ̀ di iyàn, ni David bá yọ Stone lẹ́nu iṣẹ́ láì bi ìjọ.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Onítẹ̀bọmi kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìpàdé ìjọ ló ń pe olùṣọ́-àgùntàn, òun náà ló lè ní kó máa lọ. Ta ló kọ́ àwọn ará Èkó bẹ́ẹ̀? Àwọn míṣọ́nnárì náà ni! Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ míṣọ́nnárì ni wọ́n fi dá míṣọ́nnárì lóhùn. Àwọn kan máa ń sọ pé ìlù tàbí ìyàwó púpọ̀ ló fa ìyapa tó tẹ̀ lé e. N kò gbà. Ìtẹ̀bọmi wọn kò yí padà, oúnjẹ alẹ́ Olúwa kò yí padà.

Ní oṣù kẹta 1888, èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ìjọ bá Stone jáde. Wọ́n fi ilé ìsìn sílẹ̀, wọ́n fi owó Amẹ́ríkà sílẹ̀. Vaughan wà láàárín àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé e nílé rí. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló dìde. Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ìbílẹ̀ ni wọ́n pe ara wọn, òun là ń pè ní Ebenezer.

D. B. Vincent náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó gbóná fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tó pa orúkọ òyìnbó rẹ̀ tì ní 1894 tó di Mojola Agbebi. Ọdún yẹn kan náà ni Stone padà sí Ìjọ Àkọ́kọ́. Vaughan kò rí i. Ó ti kú ní 1893.

Ní 1914, àwọn ìjọ méjèèjì àti àwọn mìíràn pàdé ní Ìbàdàn láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èyí tó di Àpéjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà. Agbebi ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.