Abẹ́rẹ́ Tó Já Wálẹ̀ Nígbà Tí Iná Ń Jó

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àti àwọn mẹkáníìkì sọ ní Ṣágámù nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀gá mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi agídí kó wá láti kíláàsì. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ òfúrufú àti ooru. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀ ilẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ níbí. Kò pẹ́ tí mo kọjá Ọ̀dọ̀gbólú, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn gòkè díẹ̀, ó sì já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ó lọ dúró síbi tí wọ́n kọ C sí. Inú mi dùn. Mo ní ẹ́ńjìnnì ti tutù, mo tẹná mọ́ ọn. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tó fi nọ́ọ̀kì. Họ́ọ̀sì kan ló bẹ́ lábẹ́, omi rédíétọ̀ ti dà tán sójú títì. Inú omi ni sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn ooru fún abẹ́rẹ́ yẹn, máa ń wà. Nígbà tómi tán, kò rí ohun tó máa wọ̀n mọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ gbóná jù ni abẹ́rẹ́ ní ó tutù jù. Owó ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tí mo san lọ́jọ́ yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìwé nípa sẹ́ńsọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ó yá, ká gòkè. Ọkọ̀ tó ń yípo ayé máa ń sáré tó kìlómítà 7 ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá fi irú eré yẹn kúrò ní Ṣágámù, ẹ ti wọ Ìkẹ́nnẹ́ kẹ́ ẹ tó sín tán. Nígbà tó bá ń bọ̀ wálé, ọ̀pọ̀ rò pé afẹ́fẹ́ tó ń ha á lára ló ń mú un gbóná. Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ni afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń fún pọ̀ níwájú ara rẹ̀. Ẹ̀yin fọkanáísà mọ̀ ọ́n: ẹ fọwọ́ kan orí pọ́ǹpù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún táyà mẹ́rin látẹ́gùn. Kí gbogbo ayé tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, imú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rò pé ó yẹ ọkọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, H. Julian Allen, ló ní rárá, láwọn ọdún 1950 sí i, ẹ jẹ́ kó fẹ̀. Imú tó fẹ̀ máa ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jìnnà sí ara ọkọ̀, ooru tó pọ̀ jù á sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ ọkọ̀ Apollo, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lọ sí òṣùpá, fi rí bí ìdí ìkòkò.

Àwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àwọn ọkọ̀ Shuttle, ìyẹn ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà tó ní ìyẹ́ bíi bàálù, kí ooru má bàa jó wọn ńkọ́? Ẹ bi àwọn ìyá wa tó ń yan gààrí ìdí tí wọ́n fi ń fi igbá rò ó, tí wọn kì í fi irin. Igbá kì í gbé ooru wá bá ọwọ́. Fọ́nrán silica, ìyẹn ẹ̀yà yanrìn tó mọ́ pátápátá, ni wọ́n fi ṣe àwo náà, òfìfo sì ni ìdá 94 nínú ìdá 100 rẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ nínú ààrò tó ju 1,200°C lọ, inú rẹ̀ á ṣì pọ́n bí ẹyinná, èèyàn á sì fi ìka lásán mú un létí. Gbogbo ayé ló ń yin àwo yìí. Ní tèmi, etí tó ń gbọ́ ooru ni mo ń yìn.

Ẹ wo wáyà méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Irin wọn ò dọ́gba, mo sì ti lọ́ orí wọn pọ̀. Mo ti ìdí wọn bọ inú mítà, mo ri orí wọn bọ omi tó ń hó yìí. Ọmọ tó wà níwájú, kà á fún wa. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta, sà.” Mílífóòtì mẹ́ta, ìyẹn iná mànàmáná tó kéré gan-an, láìsí bátìrì nínú wáyà náà: ooru ló bí i. Thomas Seebeck, ará Jámánì, ló rí irú rẹ̀ lọ́dún 1821, nígbà tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì rẹ̀ mì. Thermocouple ni wọ́n ń pè é. Dòní, ó wà nínú ẹ́ńjìnnì bàálù, ó wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ òfúrufú òkè.

Ibi tọ́rọ̀ ti ta mí lára nìyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2003, Columbia, ọ̀kan nínú àwọn Shuttle yẹn, gbéra. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, fóòmù ya lára táǹkì epo ńlá tó gbé e gòkè, ó gbá etí ìyẹ́ apá òsì. Fóòmù tí kò tó kílò kan! Nígbà tí wọ́n fi ìbọn yin irú rẹ̀ lu irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lóṣù keje, ihò tó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà ló dá.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, àwọn ará Houston, ìyẹn àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀, rí i pé sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin tó ń wọn ooru ọ́ìlì háídrọ́líìkì ní apá òsì já wálẹ̀, wọ́n lọ dúró nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ rántí abẹ́rẹ́ mi. Iná ti gba ihò wọlé, ó ti jó wáyà. Kò pẹ́, ọkọ̀ tú ká lójú ọ̀run Texas, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Etí kan sì ti gbọ́ ṣáájú. Àpótí kan wà nínú ọkọ̀ náà tó ń gba ọ̀rọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún sẹ́ńsọ̀ sórí téèpù, ṣùgbọ́n kì í fi í ránṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n rí àpótí náà lóṣù kẹta nítòsí Hemphill, ìlú kan ní Texas, téèpù ṣì dára. Sẹ́ńsọ̀ kan lẹ́yìn etí ìyẹ́ òsì ti ké ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí Houston tó rí nǹkan kan. Lóòótọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra ló yẹ kí etí ti wà níbẹ̀. Nígbà tí Discovery, Shuttle mìíràn, fò lọ́dún 2005, sẹ́ńsọ̀ 88 ni wọ́n ti tò sẹ́yìn etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan: 66 ń gbọ́ bí nǹkan bá gbá a, 22 ń gbọ́ ooru.

Bàbá kan nawọ́ lẹ́yìn, ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì ni. “Tíṣà, wáyà máa ń já lásán. Eku máa ń jẹ ẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé iná ló pa sẹ́ńsọ̀, tí kì í ṣe eku?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn nìyẹn. Aládùúgbò ni wọ́n wò. Bí ẹyọ kan bá dákẹ́, ó lè jẹ́ eku. Bí mẹ́rin tí wáyà wọn jọ gba ojú ọ̀nà kan bá ń kú tẹ̀lé ara wọn, iná ń rìn bọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe kú tẹ̀lé ara wọn yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi tọpa ibi tí ihò wà.”

Bàbá mirí. Ó yíjú sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan. “Camry tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àná, èyí tó o ní géèjì rẹ̀ ló kú. O ti ṣí rédíétọ̀ rẹ̀ wò?”

Ọmọ náà ti dìde.