Ọkọ̀ Tuntun Tí Wọ́n Ti Tún Kùn Kí Ó Tó Dé Ọwọ́ Olówó

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dúdú yìí. Oòrùn ń ràn lé e, ó ń dán, ojú mi ń hàn nínú rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wo dígí. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ mi yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó lórí irin. Mo gbé e lé ilẹ̀kùn iwájú: 118. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: 122. Mo wá gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: 241.

Ẹ jẹ́ kí n tún un gbé. 238.

Ojú kò rí nǹkan kan, ọwọ́ kò bá nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dà tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó ìlọ́po méjì èyí tó wà lára ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ti tún un kùn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn. Kì í ṣe ti tòkunbọ̀ o. Ọkọ̀ tuntun ni mo ń wí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì wà rí, àmọ́ tí ọwọ́ àtúnṣe ti kàn án kí ẹni tó san owó rẹ̀ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹjọ́ kan wà lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1990 ni. Dókítà kan tó ń jẹ́ Ira Gore ra BMW dúdú kan ní ilé ìtajà tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí ní Birmingham. Owó tó san jẹ́ $40,750.88. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, ó ń wà á lọ, ó ń wà á bọ̀, fún oṣù mẹ́sàn-án. Kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Kò ráhùn sí ẹnikẹ́ni.

Ó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ náà dán ju bó ṣe ń dán lọ ni, ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi dídán ọkọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ á mọ ohun tí oníkálukú wa kò mọ̀. Ọkùnrin náà wo ọkọ̀ yìí, ó sì rí àmì pé wọ́n ti tún un kùn.

Bó bá ṣe ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kò kọlu ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò kọlù yín, ẹ kò gbé ọkọ̀ yín fún ẹni tó ń kun ọkọ̀. Ta ló wá kùn ún?

Jámánì ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, orí omi ló sì gbà dé Amẹ́ríkà. Lójú ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà pé òjò tó ní ásíìdì nínú rọ̀ sí i lára. Èéfín ilé iṣẹ́ àti ti ẹ́ńjìnnì ló ń pò pọ̀ mọ́ omi inú òfuurufú tí òjò fi ń di bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kán omi náà bá jókòó lórí ọ̀dà tí oòrùn sì gbẹ ẹ́, á jẹ ojú ọ̀dà náà, á fi àbààwọ́n sílẹ̀ tí ọṣẹ kò lè mú kúrò. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n tún kùn lára ọkọ̀ Dókítà Gore: òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù, àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè táyà. Ibi tó kọjú sókè ló pọ̀ jù nínú wọn, níbi tí òjò máa ń balẹ̀ sí.

Nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀, Brunswick ni iṣẹ́ àtúnkùn ti wáyé, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Atlanta, ìpínlẹ̀ yín ni, létí òkun lọ́hùn-ún. BMW ní ibùdó kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń múra ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pín in fún àwọn tó ń tà á. Wọ́n tún un kùn, wọ́n dán an, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Iye tí iṣẹ́ náà ná wọn jẹ́ $601.37.

Kí ẹ má rò pé ọmọṣẹ́ kan ló jí ọ̀rọ̀ yìí gbé sápò. Ìlànà ni. Láti 1983 ni ẹ̀ka BMW tó wà ní Amẹ́ríkà ti fi lélẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá fara pa nílé iṣẹ́ tàbí lójú ọ̀nà, kí wọ́n wo iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa ná wọn. Bó bá ju ìdá 3 nínú 100 iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ á máa lò ó fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tà á bí àlòkù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tuntun ni wọ́n á tà á, wọn kò sì ní sọ fún ilé ìtajà pé àwọn tún nǹkan kan ṣe. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà fún yín pàápàá kò mọ̀. Ó lè wo ojú yín kó búra, kó má sì parọ́.

Owó àtúnṣe ti Dókítà Gore jẹ́ nǹkan bí ìdá 1.5 nínú 100. Ó wà lábẹ́ ààlà, ni wọ́n bá dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a yà bàrà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọ̀dà, torí àwọn kan á sọ pé ọ̀dà náà ni ọ̀dà, kí ló wá burú níbẹ̀?

Nílé iṣẹ́, nígbà tí wọ́n ń kun ọkọ̀, ìhòòhò ni ọkọ̀ wà. Kò sí gíláàsì, kò sí ìjókòó, kò sí wáyà, kò sí rọ́bà. Irin lásán ni. Wọ́n á ri gbogbo rẹ̀ bọ inú àgbá ńlá tí omi ọ̀dà wà, iná mànàmáná á sì lẹ ọ̀dà náà mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ irin. Wọ́n á tún fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀dà aláwọ̀, wọ́n á sì fi èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì parí rẹ̀, ìyẹn tí àwa ń pè ní dídán. Wọ́n á máa tì í wọ ààrò tó gbóná ju 140°C lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, àpapọ̀ ọ̀dà náà sábà máa ń wà láàárín 100 sí 180 máíkírọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ mi fi ń ka nọ́ńbà rẹ̀ nìyẹn. 1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo, nítorí náà a kò tíì dé ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà.

Ẹ wá wo àtúnkùn. Ọkọ̀ ti pé, ó ti ní rọ́bà, ike àti wáyà, kò sí ẹni tó lè tì í wọ inú ààrò olóoru 140°C láìjẹ́ pé nǹkan kan yọ́. Ọ̀dà mìíràn ni wọ́n máa lò nígbà náà, èyí tí wọ́n po oògùn mọ́ kó lè gan láìsí iná tó pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi sándípépà họ ojú èyí tó bàjẹ́ kí tuntun lè rí nǹkan dì mú. Wọ́n á fi bébà àti téèpù bo gíláàsì àti rọ́bà, kí wọ́n tó fọ́n tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ mi fi ń sọ 241.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ àtúnkùn kò lè dára. Ó lè dára gan-an. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wà, àwọn aṣojú BMW sì sọ ní kóòtù pé ọkọ̀ táwọn tún kùn kò yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn. Oṣù mẹ́sàn-án tí dókítà fi wà á láìrí nǹkan kan jẹ́rìí sí i pé ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe.

Àmọ́ ẹnì kan tó ti ta BMW rí wá jẹ́rìí níwájú kóòtù. Ó ní ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ti tún kùn, iye rẹ̀ lọ́jà fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 dín sí ti èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ìyẹn tó $4,000 lórí ọkọ̀ yìí. Àwa tí a ti lọ ra ọkọ̀ ní Berger l'Ékòó rí kò nílò ẹlẹ́rìí lórí èyí. Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ni ẹ ó ti bèèrè: ṣé "first body" ni, ìyẹn èyí tí ọ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀? Bí wọ́n bá ní rárá, owó ti já nìyẹn.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ń fa ààlà, ohun tó ná àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: $601. Wọn kò wo ohun tí ẹni tó ra ọkọ̀ máa pàdánù bó bá fẹ́ tà á: $4,000. Ọkọ̀ kan náà, òṣùwọ̀n méjì, èyí tó kéré ni wọ́n yàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Dókítà Gore pe ẹjọ́. Ní 1992, àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san $4,000 fún un gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bu owó ìjẹniníyà lé e: mílíọ̀nù 4 dọ́là. Níbo ni wọ́n ti rí iye yẹn? Agbẹjọ́rò rẹ̀ ti fi hàn pé láti 1983, ọkọ̀ 983 ni wọ́n ti tún kùn ní ohun tó ju $300 lọ tí wọ́n sì tà bíi tuntun láìsọ. 14 nínú wọn ló wà ní Alabama. Ẹ fi $4,000 lọ́nà bí 1,000 ọkọ̀, ẹ ó débẹ̀.

Ní 1994, kóòtù tó ga jù ní Alabama ní kò tọ́ kí wọ́n ka ọkọ̀ tí wọ́n tà ní ìpínlẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, wọ́n gé e sí mílíọ̀nù 2. BMW kò gbà. Ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1996, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́, adájọ́ 5 sí 4, pé owó náà ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jẹ́ ìlọ́po 500 ohun tí dókítà pàdánù. Wọ́n ní kò sí ẹni tó fara pa, owó nìkan ló bá a lọ, àti pé Alabama kò lè fìyà jẹ ilé iṣẹ́ kan nítorí ohun tí òfin ìpínlẹ̀ mìíràn kò kọ̀. Lóòótọ́, nǹkan bí ìpínlẹ̀ 25 ló ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó sì le jù nínú wọn kò béèrè ju kí wọ́n sọ àtúnṣe tó bá ju ìdá 3 nínú 100 iye ọkọ̀ lọ. Ẹjọ́ náà padà sí Alabama, ní 1997 ni wọ́n sì sọ ọ́ di $50,000.

Lójú tèmi, mílíọ̀nù 4 pọ̀ jù. Dókítà mìíràn ní Birmingham kan náà pe ẹjọ́ tó jọ ọ́ gan-an, $4,600 ló gbà, kò sí owó ìjẹniníyà kankan. Ọ̀rọ̀ kan náà kò yẹ kó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú dá mílíọ̀nù 4 yẹn tí ilé iṣẹ́ náà yí ìlànà rẹ̀ padà jákèjádò Amẹ́ríkà, pé àtúnṣe yòówù kó jẹ́, àwọn á sọ ọ́. Ohun tí wọn kò ṣe láti 1983, ọjọ́ márùn-ún ló gbà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọkọ̀ wa yìí. Ẹ má lọ gba ọkọ̀ tuntun lálẹ́, ẹ má gbà á nígbà tí òjò ń rọ̀, ẹ má sì gbà á lábẹ́ iná aláràbarà ilé ìtajà. Ẹ ní kí wọ́n gbé e bọ́ sínú oòrùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dọ́gba, kí ẹ wá wò ó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ojú ọ̀dà bá rí wínníwínní bí èèpo ọsàn níbì kan, tó sì tẹ́jú níbòmíràn, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ fi èékánná fa etí rọ́bà díẹ̀, báyìí. Ẹ rí ìlà tín-ín-rín yẹn? Ibi tí téèpù parí sí nìyẹn. Ẹ wo orí àwọn nọ́ọ̀tì tó di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú: bí ọ̀dà orí wọn bá ti bó, sípánà ti kàn án.

Ẹ̀rọ tí mo lò yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò lè ka ohunkóhun lórí bọ́ńpà torí ike ni, àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, kí ẹ rí i pé èyí tí ẹ rà lè ka irin àti alumíníọ́ọ̀mù. Kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa wò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá kan àti èkejì ni.

Ní Nàìjíríà, òfin ààbò oníbàárà ti 2018 ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe kọ ọ́ síbi tó hàn ketekete fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má dúró de òfin.

Ẹ rántí pé ẹni tó ta ọkọ̀ fún Dókítà Gore kò mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ táì nílé ìtajà pé "ṣé wọn kò tún un kùn?" kò tó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí pé kò sí àtúnṣe ọ̀dà kankan lára ọkọ̀ yìí, ìbáà jẹ́ nílé iṣẹ́, ní èbúté tàbí nílé ìtajà. Bó bá ní òun kò lè kọ bẹ́ẹ̀ torí òun kò mọ̀, ó ti sọ òótọ́ fún yín. Ẹ ní kó pe àwọn tó kó ọkọ̀ náà wọlé, kó bi wọ́n. Ẹ jókòó dè é. Ẹ má tíì yọ owó.