Ọmọ Tó Wà Lẹ́yìn Kíláàsì: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Pé Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Tẹ̀síwájú Lọ́dún Kan

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn òbí, olùkọ́ àti ọmọ ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, níparí sáà kẹta, rèé. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú òjò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti ìsọ̀ pa ní Bódìjà àti Ọjà'ba kẹ́ ẹ tó rí àyè wá síbí, nítorí náà ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ìtẹ̀síwájú ilé-ìwé yìí láàárín ọdún kan ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ ti gbọ́ àbọ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́: òrùlé tí wọ́n tún ṣe, àga tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ rà, iye ọmọ tó yege wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Gbogbo rẹ̀ ló dára, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ ká máa bi ara wa lọ́dọọdún kí a tó ka àga: ọmọ tí kò lè kàwé ní oṣù kẹsàn-án, ṣé ó ti ń kà á ní oṣù keje? Bí a bá lè fi orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan dáhùn, a mọ ibi tí ilé-ìwé wa dé. Bí a kò bá lè dáhùn, a kò tíì mọ̀ ọ́n, bó ti wù kí àga pọ̀ tó.

Kíka orí ọmọ ti mọ́ wa lára, ó sì ní ìdí rẹ̀. Ìbàdàn yìí ni olú ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, lẹ́yìn tí Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá náà wá sílé ìgbìmọ̀ ní 1952. Lọ́dún 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri ẹkùn náà. Nígbà tó fi di 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Ẹ ro ó wò: ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò tíì gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ rárá, kíláàsì tí wọ́n fi ìkánjú kọ́, ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́ wá forúkọ sílẹ̀. Kí ọmọ ṣáà wọlé ni iṣẹ́ ìgbà yẹn, wọ́n sì ṣe é. Ìjọba àpapọ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1976, ètò UBE, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tẹ̀lé e ní 1999, òfin rẹ̀ jáde ní 2004. Látìgbà yẹn wá, iye ọmọ tó wọlé ló ń ṣíwájú nínú àbọ̀ wa.

Bẹ́ẹ̀, wíwọlé kọ́ ni mímọ̀wé. Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ léraléra pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún méje sí mẹ́rìnlá ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kúkúrú kó yé wọn. Kì í ṣe àwọn tí kò rí ilé-ìwé lọ nìkan là ń wí. Púpọ̀ wọn ni orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà, wọ́n ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ń tò láàárọ̀ bíi ti ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, n kò sì fẹ́ kó mọ́ wa lára.

Ẹ jẹ́ ká wo káàdì èsì tó wà lọ́wọ́ yín. Lọ́pọ̀ ilé-ìwé, ogójì máàkì wà fún tẹ́ẹ̀sì tí olùkọ́ ń ṣe láàárín sáà, ọgọ́ta wà fún ìdánwò. Wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á sì fún ọmọ ní ipò. Ipò yìí ni òbí kọ́kọ́ ń wá. Ká mú ọmọbìnrin kan tó ṣe ipò kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ọmọ márùndínlógójì ní sáà kìíní, tó sì ṣe ipò kejìlélọ́gbọ̀n ní sáà kẹta. Bàbá rẹ̀ á fajú ro. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ọmọ yìí kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí òmíràn nígbà tó wọlé, tó sì ti ń ka gbólóhùn odidi báyìí. Ọmọ yẹn ti rìn jìnnà ju ẹni tó ṣe ipò kìíní láti sáà kìíní dé ìkẹta lọ, ẹni tó jẹ́ pé ilé ló ti mọ̀wé wá. Ipò ń sọ ẹni tó wà níwájú ẹnìkejì rẹ̀. Ibi tí ọmọ ti ń bọ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́ wà.

Ohun mìíràn tó máa ń tan òbí jẹ ni ìwé tó mọ́ tónítóní. Ọmọ lè da ohun tó wà lójú pátákó kọ láìṣì lẹ́tà kan, kí olùkọ́ fi báírò pupa sààmì sí gbogbo ojú ewé, kí òbí sì máa yọ̀. Ẹ ṣí ìwé náà padà sí ohun tó kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ fìka sí ìlà kan, ẹ ní kó kà á fún yín. Èmi ti rí ọmọ kíláàsì kẹrin tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó èyí tí ẹ lè gbé kọ́ ara ògiri, tí kò sì lè ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Ó ti ń fojú yàwòrán lẹ́tà fún ọdún mẹ́rin, kò sí ẹni tó dúró bi í pé kí ló kọ.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Ọ̀nà kan wà tí kò lówó nínú. Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti 2005 ni wọ́n sì ti ń fi irú àyẹ̀wò yìí lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé wọn. Olùkọ́ á mú ọmọ kan ṣoṣo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbé bébà kan síwájú rẹ̀: lẹ́tà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn kékeré. Ibi tí ọmọ bá lè kà dé ni ìpele rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ọmọ yìí kò tíì mọ lẹ́tà, tọ̀hún mọ lẹ́tà, ẹlòmíràn ti ń ka ọ̀rọ̀. Kò sí máàkì, kò sí ipò, kò sì sí ìdí fún ọmọ láti bẹ̀rù. Ẹ ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oṣù kẹfà, gbogbo rẹ̀ lórí bébà kan náà. Bébà yẹn ni àbọ̀ ọdún tí mo fẹ́ máa gbọ́ níbi ìpàdé báyìí. Ti ìṣirò kò yàtọ̀: mímọ nọ́ńbà, àròpọ̀, àyọkúrò, pínpín.

Àyẹ̀wò láìsí ìrànlọ́wọ́ kò wúlò fún ọmọ. Ohun tí Pratham ṣe lẹ́yìn èyí ni pé, fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, wọ́n tú kíláàsì ká, wọ́n sì fi ìpele kíkà to àwọn ọmọ láti kíláàsì kẹta dé ìkarùn-ún, wọn kò wo ọjọ́ orí. Àwọn tó wà ní ìpele lẹ́tà wà pa pọ̀, àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ wà pa pọ̀. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2019, bá wọn yẹ iṣẹ́ yìí wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tó ti já sẹ́yìn ló jàǹfààní jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro rí. Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ń sáré lọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti dé, olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ohun tó wà fún ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọmọ tí kò gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ kejì kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni mọ́. Wákàtí kan yẹn ni àkókò tí ẹnìkan padà sẹ́yìn wá mú un lọ́wọ́.

Ìtìjú wà níbẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ọmọ kíláàsì karùn-ún kò ní fẹ́ jókòó ti ọmọ kíláàsì kẹta. Ẹ má fi nọ́ńbà pe ẹgbẹ́ wọn, ẹ má sì pè wọ́n ní olóye àti aláìmọ̀. Ẹ fún wọn ní orúkọ ìlú wa: Mápó, Kúdẹtì, Àrẹ̀mọ, Mọ́lété. Ẹ sì máa gbé ọmọ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn lọ́jọ́ tó bá tó o, láìdúró de ìparí sáà.

Èyí tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ rèé, mo sì mọ̀ pé gbogbo yín kọ́ lẹ máa fara mọ́ ọn. Ó ti mọ́ wa lára láti kó olùkọ́ tó dáńtọ́ jù sí kíláàsì kẹfà nítorí ìdánwò àṣewọlé, ká sì fi kíláàsì kìíní sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lójú tèmi, ìdí ògiri la ń fi sílẹ̀ tí a sì ń kun orí rẹ̀ lọ́dà. Kíláàsì kìíní ni ọmọ ti ń mọ lẹ́tà. Bó bá kọjá níbẹ̀ láìmọ̀ ọ́n, olùkọ́ kíláàsì kẹfà tó mọṣẹ́ jù kò ní rí ohun tó máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé. Àkọsílẹ̀ ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé kí ọmọ má ju márùndínlógójì lọ sí olùkọ́ kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àti èmi mọ iye tó ń jókòó sí àwọn kíláàsì kan nígboro yìí. Bí a kò bá lè dín gbogbo kíláàsì kù, ẹ jẹ́ ká fi ti kíláàsì kìíní ṣáájú.

Èdè wo ni ká fi kọ́ wọn ní kíkà? Yorùbá ni, fún ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé. Lẹ́tà wa jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n, ìró tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún kì í sábà yí padà láti ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Ọmọ tó bá mọ b, a àti t lè ka bàtà, ó sì mọ ohun tó ń jẹ́ bàtà. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń gbé ìró tó lé ní ogójì, ọmọ yóò sì máa jìjàkadì pẹ̀lú lẹ́tà àti ìtumọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán èyí wò: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó kọ́ bí ó ti ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí kò rẹlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Níbi tí ẹ bá ti rí i tí wọ́n ń bu ìtanràn lé ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwá sílé-ìwé kò gba àlàyé púpọ̀. Òjò, ọjọ́ ọjà, ọmọ tuntun nílé: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kí olùkọ́ pe òbí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì tí ọmọ kò bá yọjú.

Ní tiyín, ẹ̀yin ìyá, ẹ má sọ pé ẹ kò kàwé. Ẹ ní kí ọmọ kàwé sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́. Etí yín máa gbọ́ bó bá ń kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà. Bí kò bá rí i sọ, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má nà án.

Lẹ́yìn tí mo parí, ìyá kan bi mí pé ta ni yóò san owó gbogbo rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti fagi lé ₦3,000 owó ẹ̀kọ́ láti 2019. Mo ní bébà àyẹ̀wò kò ju ewé kan lọ, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ sì tó láti fi kọ ìtàn gàdàgbà-gadagba fún kíláàsì. Olùkọ́ kan ló béèrè èyí tó ṣòro jù: bí bébà náà bá fi hàn pé àwọn ọmọ òun kò kúrò lójú kan, ṣé wọn kò ní fi fìyà jẹ òun? Mo dá a lóhùn pé bí wọ́n bá fi fìyà jẹ olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọdún tó tẹ̀lé e, gbogbo ọmọ ló máa mọ ìwé kà lórí bébà. Mo wá bẹ ọ̀gá ilé-ìwé níwájú gbogbo èèyàn pé kí bébà náà máa jẹ́ ohun tí a fi ń mọ kíláàsì tó nílò ọwọ́ kún ọwọ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì sáà kìíní ni wọ́n fi àyẹ̀wò àkọ́kọ́ sí, kíláàsì kejì dé ìkarùn-ún, òwúrọ̀ ni wọ́n máa ṣe é, kí oorun tó kun àwọn ọmọ.