Èsì Àyẹ̀wò Ní Kò Sí Nǹkan, Ọmọ Ò Sì Tíì Sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà síbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣì í. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n ṣe àyẹ̀wò microarray, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá ibi tó já tàbí tó di méjì nínú DNA, èsì jáde, kò sí nǹkan kan. Ni òbí bá ní, "Ẹ ò rí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíìnì!" Rárá o! Ẹ dúró ná.

Ká ní ìwé ńlá ni DNA ọmọ, ìyẹn ìtọ́ni tó ń darí ara, tí jíìnì sì jẹ́ ìpínrọ̀ inú ẹ̀. Ojú ìwé ni microarray ń kà: èwo ló já bọ́, èwo ló di méjì. Bí abala 16p11.2 lára kromosóòmù 16 (kromosóòmù ni àwọn okùn tí DNA pín sí) bá já sọnù, á rí i. Bó bá jẹ́ abala 22q11.2 lára kromosóòmù 22, á rí i. Ìyẹn sì lè ba àjà ẹnu jẹ́, kí ohùn ọmọ máa gba imú jáde. Àmọ́ bó bá jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí, tí ojú ìwé pé pérépéré ńkọ́? Kò ní rí i. MO NÍ KÒ NÍ RÍ I!

Lẹ́tà kan ṣoṣo sì tó o. Ìdílé kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní KE. Nǹkan bí ìdajì wọn, láàárín ìran mẹ́ta, ni ọ̀rọ̀ sísọ ń bá fà á. Ní 2001, Cecilia Lai, Simon Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé lẹ́tà kan ló yí nínú jíìnì FOXP2, lórí kromosóòmù 7. Ẹ ní kí ọmọ tó ní irú ìṣòro yìí pe "bàtà" lẹ́ẹ̀mẹta: ó lè ní "bàtà", kó ní "tàbà", kó tún ní "pàà". Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Bí ètè àti ahọ́n ṣe máa tò tẹ̀ léra ni ọpọlọ ò rí ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe FOXP2 ní "jíìnì ọ̀rọ̀ sísọ" mọ́, ó ti sú mi! Ọmọ díẹ̀ ni tiẹ̀ bà jẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ tí èdè ń ṣòro fún, jíìnì púpọ̀ ló pawọ́ pọ̀, tí kálukú fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Fragile X, àìsàn jíìnì tó lè mú kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, òun náà ńkọ́? Lẹ́tà mẹ́ta, CGG, ló ń tún ara rẹ̀ kọ nínú jíìnì FMR1 títí á fi lé ní igba ìgbà. Microarray ò ní rí ìyẹn náà. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè fún àyẹ̀wò tiẹ̀ lọ́tọ̀.

"Kò sí irú ẹ̀ nínú ẹbí wa." Ó lè má sí lóòótọ́. Ìyípadà lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ náà gan-an.

Ṣáájú gbogbo èyí, ẹ yẹ etí wò. Etí kọ́kọ́! Jíìnì GJB2 nìkan lè sọ ọmọ di adití, ọmọ tí ò sì gbọ́ràn dáadáa, ibo ló ti fẹ́ rí ọ̀rọ̀ kọ́?

Bí wọ́n bá gbé èsì fún yín, ẹ bi dókítà pé: irú àyẹ̀wò wo lẹ ṣe, kí ni kò sì lè rí? Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ láì dúró de èsì kankan. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé èsì yẹn, torí wọ́n lè tún àyẹ̀wò tó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, kí ohun tí ò nítumọ̀ lónìí ti wá ní orúkọ.