Àtọ̀gbẹ, Kíndìnrín àti Ohun Tí A Jogún

Asẹ́ ògì ni mo kọ́kọ́ gbé sókè nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Bí a bá da ògì sí i, omi á kọjá, èèrí á dúró. Bí kíndìnrín ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi pé ohun tó dúró lókè gan-an ni ara ń fẹ́. Nǹkan bí lítà 180 ni kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ lójúmọ́, wọ́n á sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì kò gbọdọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ asẹ́ náà á gbó, purotéènì á máa jò. Bó bá jò púpọ̀, ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ.

Síbẹ̀, nínú alátọ̀gbẹ mẹ́wàá, bíi mẹ́ta sí mẹ́rin ni kíndìnrín wọn ń bàjẹ́. Ẹni méjì lè jọ máa gbé ṣúgà tó ga kiri fún 20 ọdún, kí ti ẹnìkan dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kí ti èkejì máa bá a lọ. Apá kan ìdí rẹ̀ wà nínú jíìnì, ìyẹn ìlànà inú ara tí a ń jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Ní 2019, àwọn onímọ̀ yẹ jíìnì àwọn ará Yúróòpù wò, àwọn tó ní irú àtọ̀gbẹ tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé. Wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì COL4A3, jíìnì tó ń ṣe òwú aṣọ asẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ní ìyàtọ̀ náà, ewu tirẹ̀ dín kù.

Ti àwa Yorùbá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. APOL1 ni jíìnì náà ń jẹ́. Ní 2010 ni wọ́n rí ẹ̀yà rẹ̀ méjì tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì wọ́pọ̀ láàrin wa gan-an. Ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú méjèèjì tó nǹkan bí 38 nínú 100 ẹ̀dà jíìnì náà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò. Kì í ṣe èpè. Bí ẹ̀jẹ̀ AS ṣe ń gba èèyàn lọ́wọ́ ibà ni èyí ṣe ń gbani lọ́wọ́ kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tó ń fa àìsàn àsùnpara. Ẹni tó bá gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ewu rẹ̀ ga jù. Jíìnì yìí lè ba kíndìnrín jẹ́ lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá. Nítorí náà, bí kíndìnrín alátọ̀gbẹ bá bàjẹ́ níhìn-ín, ẹ má tètè di gbogbo ẹ̀bi lé ṣúgà lórí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tí a jogún lè wà níbẹ̀.

Màmá kan láti Ọjà Ọba dìde. "Bàbá mi kú nítorí kíndìnrín. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Èmi náà ní ṣúgà. Ṣé ó ti kàn mí nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá, Mà. Ẹ gbé ìtọ̀ àárọ̀ lọ, kí ẹ ní kí wọ́n wo albumin inú rẹ̀, ìyẹn irú purotéènì kan tí asẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jò. Lọ́dọọdún ni o, bí ara yín tiẹ̀ le koko. Asẹ́ á ti máa jò kí ara tó mọ̀. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tó ń mú kó falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín pẹ̀lú."

Ó ronú díẹ̀, ó wá béèrè bóyá àbúrò òun tó wà ní Ìkìrun lè bá òun lọ. Mo ní kó mú un dání.