Lupus Kì Í Ṣe Àìsàn Òyìnbó

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbàdàn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1968, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, pé àwọn àìsàn tí àjẹsára, ìyẹn àwọn ọmọ ogun inú ara tó ń lé kòkòrò àìsàn, fi ń bá ara onítọ̀hún jà, bíi lupus, ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn aláìsàn wa. Ó ní ó jọ pé ibà àtàwọn kòkòrò tó ń bá wa fínra láti kékeré ló ń tẹ àjẹsára wa lórí ba. Kò mọ síbẹ̀, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi kòkòrò ibà sára àwọn èkúté kan tí àìsàn tó jọ lupus máa ń bá, àìsàn yẹn sì fúyẹ́ lára wọn, 1970 ni wọ́n gbé ìyẹn jáde. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bá a wí. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó gbọ́ "ó ṣọ̀wọ́n" tí wọ́n sọ ọ́ di "kò sí". Títí dòní mo ṣì ń pàdé dókítà tó máa ní, háà, lupus kẹ̀, àìsàn òyìnbó nìyẹn.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, ó ń bá àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, tí kíndìnrín tiwọn tún ń tètè kó sí i? Ọmọ ìyá wa làwọn yẹn o. Ohun téèyàn ò bá wá, kò ní rí i.

Àjẹsára ni ọlọ́dẹ àdúgbò. Tí lupus bá dé, ọlọ́dẹ yìí á dá onílé dúró lẹ́nu géètì onílé, á tún yìnbọn fún un. Ẹni mẹ́wàá tó bá ní i, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń bímọ lọ́wọ́. Àjogúnbá wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀, àwọn òògùn kan náà lè dá a sílẹ̀, àmọ́ kì í ràn, kì í sì í ṣe ọfà tí ẹnikẹ́ni ta. Oríkèé ọwọ́ á máa ro obìnrin yẹn láàárọ̀, irun á máa já, ẹnu á máa dá egbò, ara á gbóná, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á tún ní táífọ́ọ̀dù, wọ́n á tọ́jú táífọ́ọ̀dù yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìwé sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa pọ́n bí ìyẹ́ labalábá, ṣùgbọ́n lára tiwa ńṣe ló sábà máa ń dú, wọ́n á ní ìpara ló ba ojú ẹ̀ jẹ́. Ìgbà tó bá ti dé kíndìnrín, tí ìtọ̀ ń hó bí omi ọṣẹ tí ẹsẹ̀ wú, ni wọ́n tó máa gbé e wá.

Ibi tí mo dé rèé tí ìyá kan fi nawọ́: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá lo chloroquine, ara máa ń yún mi bí ẹni pé kí n bọ́ awọ sílẹ̀. Ṣé allergy nìyẹn?"

Ẹ ṣeun mà, ìbéèrè yín ló ṣe pàtàkì jù lónìí. Rárá mà, òògùn yẹn fúnra ẹ̀ ló ń yún àwa aláwọ̀ dúdú báyẹn, kì í ṣe allergy gangan. Allergy gangan ni kéèyàn jẹ ẹ̀pà tàbí gba abẹ́rẹ́ penicillin, kí ètè wú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí èémí má lọ mọ́, kó sì dákú. Ìyẹn ò ní sùúrù fún Piriton o, abẹ́rẹ́ adrenaline sí itan ló ń gba ẹ̀mí là, kíá. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ méjì kan, Gell àti Coombs, pín àwọn ìjà àjẹsára yìí sí ní 1963, ti ẹ̀pà ni àkọ́kọ́, lupus wà ní ìkẹta, mi ò lè ka ìyókù torí wọ́n ti ń fi aago hàn mí.

Ìdí tí mo fi ní ó ṣe pàtàkì ni pé àbúrò chloroquine, hydroxychloroquine, ni òpó òògùn lupus. Àìmọye obìnrin ló kọ̀ ọ́ torí wọ́n rántí bí chloroquine ṣe yún wọn. Tó bá yún yín, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má kàn dá a dúró. Ẹ yẹ ojú wò kẹ́ ẹ tó pẹ́ lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n bá ṣe ní kẹ́ ẹ máa wá. Prednisolone náà ńkọ́, òògùn lupus mìíràn tó ń pẹ̀tù sí ìjà àjẹsára, èyí táwọn kan ń lò láti sanra, inú máa ń bí mi. Ẹni tó ti lò ó pẹ́ ò gbọdọ̀ já a lójijì, torí ara á ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀, onítọ̀hún lè dákú.

Ìyá yẹn tún dìde. Ọmọ òun ló ní i, ṣé ó lè bímọ? Ó lè bímọ mà. Ẹ jẹ́ kí àìsàn yẹn kọ́kọ́ sùn fún bí oṣù mẹ́fà, kó tó lóyún, kó jẹ́ kí dókítà mọ̀ kó lè yọ àwọn òògùn tó lè pa ọmọ inú lára kúrò, ṣùgbọ́n hydroxychloroquine yẹn, kó máa lò ó lọ títí tó fi máa bí i.